Àgbà Tí Mo Rán sí Ọ̀gá Mi

Ọkọ mi máa ń sọ pé ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni mo lè bá jà. Kò purọ́. Bí inú bá bí mi sí ẹni tó jù mí lọ, tàbí sí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá mi, ariwo ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀ lẹ ó gbọ́ ní ilé ìdáná mi, ẹ kò ní gbọ́ ohùn mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi n'Ìbàdàn nìyẹn. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ àgbà, àgbà mìíràn ló máa ń wá tí yóò bá a gbé e lọ. Mo gbé àṣà yìí wọ bàálù, mo gbé e dé Prince George's County ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó mi sí wàhálà.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lápá Largo, kò jìnnà sí Kettering tí a ń gbé. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì ni mí. Àwa la máa ń wẹ̀ fún wọn, tí a máa ń wọṣọ fún wọn, tí a máa ń fi ṣíbí bọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Ìyá arúgbó kan wà ní yàrá tó kẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ti ṣe tíṣà rí. Bí mo bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, á máa tún òyìnbó mi ṣe, èmi náà á sì máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í sọ kí inú rẹ̀ lè dùn. Ẹ̀rín la fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́.

Iṣẹ́ àárọ̀ ni wọ́n gbà mí fún. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan ní D.C. lálẹ́, abẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ yìí sì ni inṣọ́ránsì ìlera gbogbo wa wà. Bí òun bá ń jáde, èmi á ti dé. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ṣì kéré, Kettering kì í sì í ṣe Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, níbi tí èèyàn ti lè yọ orí lójú fèrèsé kó ní kí ìyá kan bá òun fojú sí àwọn ọmọ. Ní àdúgbò wa, bí ilẹ̀kùn gárééjì bá ti wálẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó di ọjọ́ kejì.

Nígbà tó yá, àwọn tó ni ilé ìtọ́jú náà tà á. Àwọn tó rà á rán ọ̀gá tuntun wá, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan tó máa ń rìn kíákíá bí ẹni tí fóònù ń dún dè ní yàrá kejì. Kò ṣe ìkà sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó dé tó fi tú ètò àkókò iṣẹ́ wa ká látòkèdélẹ̀, tó sì tún gbogbo wa pín. Èmi bọ́ sí iṣẹ́ alẹ́. Kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì o, alẹ́ títí lọ ni.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà níbẹ̀, ará Ọ̀yọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, títí kan àwọn ará Gánà àti àwọn ará Jàmáíkà. Mọ́mì ni alágbàwí gbogbo wa. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn kò fún ọ láyè ìsinmi, Mọ́mì. Bí o bá pẹ́ dé tí wọ́n fẹ́ fi ọ́ sùn lókè, Mọ́mì. Á kan ilẹ̀kùn ọ̀gá, á kí i, á béèrè ìyá rẹ̀, á béèrè àwọn ọmọ, á yin bàtà tó wọ̀, kó tó wá fẹ̀sọ̀ kan ohun tó bá wá. Ọ̀gá àtijọ́ ti mọ ìwà rẹ̀. Bó bá ti rí i lẹ́nu ọ̀nà, á ti fa àga fún un.

Mo dúró de Mọ́mì ní yàrá tí a ti máa ń jẹun.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ma, wọ́n ti put mi sí night shift o," mo wí. "Daddy wọn náà, night ló ń ṣe. Ta ló máa wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ?"

"Ṣó o ti bá a sọ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi sọ ọ́, ma. Ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀."

Ó mu tíì rẹ̀ tán kó tó dá mi lóhùn. "Ó dáa, fi sílẹ̀ fún mi. Àmọ́ eléyìí tó dé yìí, she no be like the other one o. Kì í gbọ́ ìkíni tán."

Ó wọlé lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó jáde, ó ní ọ̀gá ní òun ti gbọ́. Ó tán. Lójú tèmi, mo ti sọ ọ́ nìyẹn, mo tiẹ̀ ti sọ ọ́ kọjá bí ẹnu mi ṣe lè sọ ọ́. Àgbà ti gbé e dé iwájú rẹ̀. Mo wá ń retí ìdáhùn.

Ìdáhùn kò dé. Mo gbìyànjú iṣẹ́ alẹ́ náà fúngbà díẹ̀. Ọkọ mi a máa pe ibi iṣẹ́ tirẹ̀ pé òun kò lè wá, títí wọ́n fi kìlọ̀ fún un. Nígbà mìíràn mo máa ń rí Mọ́mì níbẹ̀ lálẹ́, tó ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì rò pé óbátáìmù, iṣẹ́ àfikún, ló ń ṣe, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì wa kì í kọ óbátáìmù. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo rí i pé ọ̀kan nínú èmi àti ọkọ mi yóò pàdánù iṣẹ́, mo bá fi tèmi sílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Lọ́jọ́ tí mo ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mo se mọ́ínmọ́ín, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ nínú kúlà. Mo wọ yàrá ọ̀gá, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo oore, mo sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bùkún ilé náà. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Inú ń bí mi, àmọ́ inú bíbí kò ní kí n má mọ bí wọ́n ṣe ń jáde nílé onílé. Ọ̀gá jẹ mọ́ínmọ́ín, ó tún mú òmíràn. Ó ní àárò mi á máa sọ òun. N kò sọ ìdí tí mo fi ń lọ, nítorí mo rò pé ó ti mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú kan, níbi tí a máa ń gbé ọkọ̀ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ìjọ wa béèrè pé kí ló dé tí mo rù. Mo ròyìn fún un.

"Ṣé ẹ ti file fún unemployment?" ó béèrè. Owó tí ìjọba máa ń san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní lọ́kàn.

"Èmi ni mo quit, sir. Wọn ò lé mi."

"Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má gbà á. Tó bá jẹ́ pé wọ́n change iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, tí kò sì ṣeé fara mọ́, ó yàtọ̀ sí kéèyàn kàn dìde kó ní iṣẹ́ ti sú òun. Ẹ pè wọ́n. Àmọ́ wọ́n máa bi yín pé ṣé ẹ fún ọ̀gá yín láyè láti fix ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ."

Mo pè wọ́n. Mo sọ tẹnu mi. Wọ́n pe ọ̀gá náà, ó sọ tẹnu tirẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ̀wé sí mi pé n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó àìníṣẹ́, pé fúnra mi ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìnídìí. Ọ̀gá ti sọ fún wọn pé n kò fìgbà kan ráhùn sí òun, àti pé tẹ̀ríntẹ̀rín ni mo lọ, mo tiẹ̀ gbé oúnjẹ wá.

Èmi àti ìkòkò jà lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin mi wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Mummy, what did the pot do?" Ohun tó dùn mí jù ni pé obìnrin náà kò purọ́. N kò fìgbà kan ráhùn sí i lóòótọ́.

"Hospital kan nítòsí ṣì ń gba èèyàn fún night," ọkọ mi wí. "O lè lọ síbẹ̀. Èmi á fi tèmi sílẹ̀, màá máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ."

"Inṣọ́ránsì ńkọ́?"

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá fún mi ní owó náà, mo lè ní sùúrù títí iṣẹ́ àárọ̀ mìíràn yóò fi yọjú, kí ọkọ mi sì dúró sí ìdí tirẹ̀. Bí wọn kò bá fún mi, iṣẹ́ alẹ́ náà ni mo máa padà sí níbòmíràn, òun á sì pàdánù èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ àwa méjèèjì. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n dá ọjọ́ fún mi, wọ́n ní orí fóònù la ó ti ṣe é.

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni mo ní. Mo wakọ̀ lọ bá Mọ́mì ní Mitchellville, nílé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, láàárọ̀ Sátidé. Ilé náà tóbi débi pé èèyàn méjì lè bá ara wọn ṣe kèéta níbẹ̀ fún oṣù kan láìfojú kanra. Ọkọ̀ méjì mẹ́ta ló wà níwájú gbogbo ojúlé, n kò sì rí ẹnikẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Mo kúnlẹ̀ kí Mọ́mì, mo ṣàlàyé ohun tó gbé mi wá.

"Èmi lo rán, èmi ni mo jíṣẹ́," ó wí. "Kí wọ́n pè mí. Màá sọ pé mo débẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Dókítà eyín ni, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. "Auntie, please," ó ní. "Mummy ò ní pẹ́ retire mọ́. I don't want them to start looking for her trouble."

N kò lè bínú sí i. Èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ìyá mi ni. Bí mo ṣe ń wakọ̀ padà lọ ní Central Avenue, mo ń rò ó pé kò dára kí n fi iṣẹ́ àgbàlagbà ra ìfọ̀kànbalẹ̀ tèmi. Nígbà tí mo délé, mo pe Mọ́mì, mo ní kó fi sílẹ̀, èmi á dá sọ ọ́.

Mọ́mì ní, "Ó dáa. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o. Má lọ fi ìtìjú bá wọn sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ pẹ̀lú fóònù ilé. Àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé. Ọkọ mi, tó yẹ kó ti máa sùn, jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń díbọ́n pé okùn bàtà lòun ń tú. Àwa mẹ́ta la wà lórí fóònù: èmi, ọ̀gá mi àtijọ́, àti ọkùnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà, tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó mú wa búra. Ó béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún, mo ní iṣẹ́ àárọ̀ ni, ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá wọ́n yí i sí alẹ́, ọ̀gá tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá kọjú ìbéèrè sí mi.

"Kí o tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ǹjẹ́ o sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyípadà yìí kò bá ọ lára mu?"

Ìbéèrè tí alàgbà kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀ nìyẹn, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé. Ó wù mí kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ mo ti búra.

"Mo rán àgbà sí wọn, sir," mo wí.

"O rán kí ni?"

"Àgbà. Ẹni tó jù mí lọ níbi iṣẹ́. Mo ní kó bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Kí ló dé tí o kò lọ fúnra rẹ?" Ohùn rẹ̀ kò le. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Mo wo ọkọ mi lórí àtẹ̀gùn. Ó ti gbàgbé okùn bàtà. Mo ní, "Sir, níbi tí wọ́n ti bí mi, ọ̀rọ̀ kékeré lèèyàn máa ń dá gbé lọ bá ọ̀gá. Èyí tó bá wúwo, a máa ń wá àgbà sí i. Bí mo ṣe rán an yẹn, bí ìgbà tí mo kígbe ni."

Ọ̀gá dá sí i. Ó ní ṣùgbọ́n mo gbé oúnjẹ wá, mo dúpẹ́, mo gbàdúrà, ta ni inú ń bí tó tún ń se irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn?

"Kì í ṣe torí pé inú mi dùn ni mo ṣe sè é, ma. Torí pé mò ń lọ ni."

Ọkùnrin náà wá bi ọ̀gá bóyá ẹnikẹ́ni wá bá a nípa àkókò iṣẹ́ mi. Òun àti Mọ́mì nìkan ló wà ní yàrá náà lọ́jọ́ yẹn. Bó bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa já a nírọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí, pẹ̀lú ìrònú. "Nọ́ọ̀sì àgbà kan wá. Ó ní àwọn ọmọ obìnrin yìí kéré, pé ọkọ rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Mo rò pé ó kàn ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án ni. N kò mọ̀ pé òun ló rán an."

"Kí lo sọ fún un?" ọkùnrin náà béèrè.

"Mo ní mo ti gbọ́."

Mo ti dá obìnrin yìí lẹ́jọ́ nínú ọkàn mi, mo ti bá ìkòkò jà nítorí rẹ̀. Níbi tí mo jókòó sí yẹn, inú mi yọ́ sí i. Kò sí ohun tó ní kó sọ ọ́ bí kò ṣe pé òótọ́ ni.

Nígbà tí èsì dé, iwájú àpótí lẹ́tà ni mo ti kà á. Wọ́n ní mo lẹ́tọ̀ọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún kọ́ ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn, àti pé ọ̀gá ti gbọ́ kí n tó lọ. Mo jó. Ọ̀gbẹ́ni tó ń gé koríko ní òdìkejì títì pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wò mí. Mo juwọ́ sí i, mo sì ń jó mi lọ. Ọkọ mi ní ojú ti òun, àmọ́ òun náà ń mi èjìká.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e dùn. Mò ń sin àwọn ọmọ dé ibi tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé ti ń gbé wọn, ọkọ mi ń gbé oúnjẹ gbígbóná lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo máa ń pe ẹ̀rọ kan lórí fóònù tó ń béèrè bóyá mo wá iṣẹ́, kí n tẹ nọ́ńbà kan bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn obìnrin àgbà ni wọ́n fi sínú rẹ̀, n kò sì lè kàn tẹ nọ́ńbà lásán, mo máa ń kọ́kọ́ ní "yes, ma." Mo wá iṣẹ́ lóòótọ́. Mo rí i ní Upper Marlboro, nílé ìtọ́jú mìíràn, iṣẹ́ àárọ̀.

Ó ku díẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Mo bá a nínú aṣọ iṣẹ́, ó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ kiri pálọ̀.

"Ibo lẹ̀ ń lọ lásìkò yìí, ma?"

"Ibi iṣẹ́. Night ni mò ń ṣe."

"Óbátáìmù?"

"Óbátáìmù kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n change tìẹ náà ni wọ́n change tèmi."

Ẹnu yà mí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ojú Mọ́mì kì í ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ó ní jẹ́jẹ́ lòun máa ń wakọ̀ lọ, pé àwọn tó wà lẹ́yìn a máa tẹ hóònù, òun a máa ní kí Ọlọ́run fún wọn ní sùúrù. Lọ́jọ́ tó wọlé lọ bẹ̀bẹ̀ fún mi, ẹjọ́ tirẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ó gbé tèmi kalẹ̀ níwájú ọ̀gá, ó sì jáde.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún un, ma?"

"Ta ni mo fẹ́ rán?" Ó ti rí gíláàsì náà, ó ń gbé e wọ̀. "Gbogbo yín, èmi lẹ̀ ń rán."

Ó dùn mí wọra. Mo jókòó sórí àga tó tóbi jù ní pálọ̀ náà, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Ó yá, Mọ́mì. Èmi ni ọ̀gá. Ẹ wọlé, ẹ bá mi sọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orí mi ti dàrú, àmọ́ ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè àlàáfíà ìyá mi. Mo ní ìyá mi wà dáadáa, kí lẹ wá ṣe? Ó yin bàtà mi.

"Mọ́mì, ẹ fi shoes sílẹ̀. Ẹ sọ nípa ojú yín."

"Kí n wá máa tọrọ nǹkan fún ara mi, bí mo ṣe dàgbà tó yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

Ó wo kápẹ́ẹ̀tì. Ó wá fi òyìnbó sọ ọ́, pé ojú òun kò dára lálẹ́, pé àárọ̀ lòun fẹ́. Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ tuntun ní kíláàsì. Mo ní kó tún un sọ, kó wo ojú mi. A ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ fi tó, mo sì fi ọkọ̀ mi gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ rí ọ̀gá, èmi náà ni mo gbé e lọ, lọ́sàn-án. N kò wọlé. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níta, mo ń wo ẹnu ọ̀nà tí mo ti ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó jókòó tì mí, ó fa bẹ́líìtì, ó wá ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀ títí, n kò sì bá a kì í, mo kàn ń wò ó.

"Àárọ̀ ni, láti Monday," ó wí.

"Báwo lẹ ṣe sọ ọ́, ma?"

"Mi ò tíì jókòó tó ti bi mí pé ta ni mo tún wá bẹ̀bẹ̀ fún lónìí." Bẹ́líìtì náà wọlé. "Mo ní èmi ni."